Oba Dùbúlẹ̀ Lé Oba

Lọ́jọ́ Ajé, Sagat kó òkúta kẹ̀kẹ́ mẹ́ta kúrò lára òkìtì ńlá tó wà lẹ́yìn abúlé Kokbulak, ó sì lọ dà á sójú ọ̀nà. Nígbà tó padà débẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun pẹ̀lú katakata rẹ̀, kò rí ojú ibi tó ti gbẹ́. Òkìtì náà jókòó bó ṣe máa ń jókòó, ó rí róbótó, koríko gbígbẹ bò ó látòkè délẹ̀, kò sí ọgbẹ́, kò sí àpá. Sagat pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. Ipa táyà rẹ̀ ti àná ṣì wà nílẹ̀ kedere. Ó lọ tààrà títí dé ẹsẹ̀ òkìtì, ó sì dúró níbẹ̀. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà, òkúta kan ṣoṣo kò sí níbẹ̀ mọ́.

Kí n tó máa lọ, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ òkìtì náà fún yín, nítorí orúkọ yẹn ló gbé ìtàn yìí dání. Oba ni àwọn Kasaki, darandaran àárín ilẹ̀ Éṣíà, ń pè é. Ẹ má fi àmì sí i nísàlẹ̀ o, kì í ṣe ọba tó ń dé adé. Òkìtì tí àwọn ará ìgbàanì mọ lé òkú wọn lórí, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìwé kọ, ni oba. Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà yìí ni wọ́n fi ń pe àrùn burúkú kan, èyí tó ń fi ibà bẹ̀rẹ̀, tó ń gbé kókó sábẹ́ apá, tó sì lè kó odidi agbo ilé lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Àwa náà ní àrùn tí àwọn bàbá wa kì í dárúkọ lọ́sàn-án gangan. Àwọn Kasaki ò bẹ̀rù orúkọ ní tiwọn. Bí ìyá bá ń bú ọmọ aláìgbọ́ràn, "Oba gbé ọ!" ni á pariwo, ọmọ á sì ti sá jìnnà kó tó dáhùn pé, "Èwo níbẹ̀, Màmá? Olókùúta àbí oníbà?" Gbogbo ọmọ Kokbulak ló dàgbà sínú àwàdà yẹn, Sagat náà sì ti fi sá fún pàṣán ìyá rẹ̀ láìmọye ìgbà.

Kì í ṣe pé Sagat kórìíra oba. Ọdún kẹrin rèé tí ogun Jámánì parí, tó gbé ẹsẹ̀ títìrò kan bọ̀ láti ojú ogun, gbogbo ìgbà tó sì fi wà lọ́hùn-ún, òkìtì yẹn ni ojú rẹ̀ máa ń wá bó bá dijú. Ó ga ju ilé mẹ́ta tí wọ́n tò léra lọ. Àwọn tó mọ ọ́n kò ní símẹ́ǹtì, wọn ò ní ọkọ́ irin, síbẹ̀ òjò ẹgbẹ̀rún ọdún kò rí ibi wọlé. Òkúta rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn débi pé ọ̀bẹ kò lè gba àárín wọn kọjá. Sagat mọ iṣẹ́ ọwọ́ nígbà tó bá rí i, ìtìjú sì máa ń mú un nígbà tó bá gbé díígà sókè sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nà ló lé e débẹ̀. Láti Kokbulak dé ilé ìwòsàn jẹ́ ìrìn odidi ọjọ́ kan lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, bí òjò ìgbà ìkórè bá sì ti rọ̀, gbogbo ibi tó jìn lójú ọ̀nà á di ẹrẹ̀. Nígbà ìkórè ọdún kejì sẹ́yìn, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Orik ìyàwó rẹ̀. Ẹrẹ̀ dá wọn dúró fún ọjọ́ méjì, ó mu àwọn ẹṣin dé ikùn, orí ẹsẹ̀ Sagat sì ni Orik kú sí, tí wọ́n ń wo òrùlé ilé ìwòsàn lọ́ọ̀ọ́kán. Ní báyìí, Marjan, ọmọ kan ṣoṣo tí Orik fi sílẹ̀ fún un, wà nínú oyún. Ọkọ rẹ̀ ń wa èédú ní ìlú Karaganda. Òpin oṣù kẹsàn-án ni ìkúnlẹ̀ rẹ̀, ìgbà yẹn gan-an sì ni òjò ń bẹ̀rẹ̀. Sagat ti búra lójú sàréè Orik pé ẹrẹ̀ kò ní jẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú ilé òun.

Òkúta kò sì sí níbòmíràn. Èyí náà ní ìdí. Ní ilẹ̀ yẹn, ẹni tó bá ń kọjá lẹ́bàá oba gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, kó ṣa òkúta kan nílẹ̀, kó gbé e lé e, kó sì sọ pé, "Oba dùbúlẹ̀ lé oba." Ó dà bí ọ̀rọ̀ akólòlò, òkìtì dùbúlẹ̀ lé òkìtì, àmọ́ bí bàbá ṣe sọ ọ́ ni ọmọ ń sọ ọ́, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé. Láti ìran dé ìran, wọ́n ti ṣa gbogbo òkúta pápá náà tán sórí òkìtì kan ṣoṣo.

"Ìwọ Sagat, kumis àná ló ṣì ń pa ọ́," ni Beysen, alága oko àjọni wọn, wí nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ lọ sógun ni.

"Mi ò fi ẹnu kan wàrà ẹṣin láti ọjọ́ Ẹtì."

"Àwọn ìyá àgbà ni nígbà náà. O ò mọ̀ wọ́n ni? Wọ́n lè fi ìṣẹ́po aṣọ kó odidi òkè padà, kí wọ́n sì tún wá bi ọ́ pé kí lò ń wá." Beysen rẹ́rìn-ín, ó tutọ́ sílẹ̀. "Lọ bi tìrẹ."

Sagat bá Kulpan ìyá rẹ̀ níwájú ilé, ó ń fi eérú fọ ọwọ́. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ lọ. Sagat rí i pé èékánná mẹ́ta ti ya lọ́wọ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ kó òkúta yẹn padà."

"Mo kó díẹ̀ níbẹ̀. Kí n tó fún wàrà láàárọ̀ ni mo lọ. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹnì kan ti ṣe é kọjá ìdajì."

"Ta ni?"

"Ó kẹ́yìn sí mi. Mo kí i, ó dá mi lóhùn. Iṣẹ́ la jọ ń ṣe, a ò jọ ń tàkúrọ̀sọ."

"Ẹ̀yin, pẹ̀lú ọjọ́ orí yín!"

"Ìwọ lò ń ka ọjọ́ orí mi. Òkúta ò bi mí." Ó tún bu eérú, ó fi bo ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá. "Sagat, mo bá suur kan nínú ihò tí o gbẹ́."

Suur ni ẹran inú ihò kan níbẹ̀, ó sanra, ó jọ òkété tí wọ́n wọ ẹ̀wù òtútù fún. "Suur pọ̀ níbẹ̀, Màmá."

"Èyí ti kú. Mo fọwọ́ gbé e kí n tó wò ó dáadáa."

"Suur máa ń kú," ni Sagat wí, ó sì wọlé lọ mu tíì. Inú ń bí i. Ká ní inú ò bí i ni, ì bá rántí ohun tí gbogbo darandaran ilẹ̀ náà mọ̀ nípa suur tó bá kú láìsí ọta ìbọn lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Rú, ó tún gbẹ́ oba, ó sì fi ìbínú gbẹ́ ẹ lápá ibi tí oòrùn ti ń là, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í gbé òkúta lé. Ibẹ̀ rọrùn ju ibi yòókù lọ. Òkúta yọ, omíràn tẹ̀ lé e, ihò kan sì là tó tó èèyàn wọ̀ bó bá bẹ̀rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ti inú rẹ̀ jáde tutù, ó ń rùn bí jusan, ewé kan tó korò ju ewúro lọ, tí wọ́n máa ń tẹ́ sábẹ́ òkú. Sagat na etí. Láti ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó gbọ́ ohùn òkúta lórí òkúta. Kọ, kọ, kọ. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kí wọ́n lè ṣí i fún un. Sagat sọ fún ara rẹ̀ pé suur ni. Irun ọrùn rẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó délé lọ́sàn-án, Kulpan ti kó ẹní rẹ̀ lọ sínú ilé àgùntàn tó wà lẹ́yìn. Ó ti mú abọ́ kan àti ṣíbí kan dání, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi bù oúnjẹ mọ́. Marjan ń sunkún lẹ́nu ọ̀nà.

"Mo lọ gbé tíì fún wọn, Bàbá, wọ́n ju òkúta sí mi lẹ́sẹ̀, bí ẹni ń lé ajá. Ẹ sì wo ohun tí wọ́n ń ṣe yẹn."

Sagat wò ó. Kulpan bẹ̀rẹ̀ ti iná kékeré kan. Aṣọ ọmọ tuntun tó ti ń fi ọwọ́ rán láti oṣù méjì, èyí tí wọn kì í ṣẹ́ etí rẹ̀ kí ẹ̀mí ọmọ má bàa há, ló ń fi igi tì sínú iná náà.

"Màmá!" Sagat pariwo. "Nítorí òkúta lásán? Ẹ ń ṣépè fún ọmọ inú oyún nítorí òkúta?"

Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Dúró níbi tí o wà yẹn."

"Mi ò ní bá yín sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, ọmọ mi," ni Kulpan fèsì, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. "Bínú sí mi. Bínú sí mi dáadáa."

Ó sì bínú. Fún ọjọ́ méjì, kò yà sí ilé àgùntàn. Marjan ló ń gbé oúnjẹ sórí òkúta kan láàárín àgbàlá, tí ìyá àgbà ń jáde wá gbé e nígbà tí ọmọ náà bá ti padà wọlé. Ní gbogbo ọjọ́ méjì yẹn, ohun tí Sagat bá gbẹ́ kúrò lára oba láàárọ̀ á ti padà síbẹ̀ kó tó mu tíì ọ̀sán tán. Ẹnu ihò ìhà ìlà-oòrùn nìkan ni kì í dí tán.

Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò lọ jẹun. Ó jókòó sábẹ́ òjìji katakata, ó dúró. Oòrùn dé àtàrí. Ooru ń jó lórí pápá, eṣinṣin sì ń dà á láàmú. Kò gbọ́ ẹsẹ̀ kankan, kò rí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè, ilẹ̀ ibẹ̀ sì tẹ́jú débi pé èèyàn lè rí ajá tó wà ní ìrìn wákàtí kan. Ó kàn rí i pé ọkùnrin kan ti wà lẹ́bàá oba, tó gbé òkúta dání nínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀.

Fìlà ọkùnrin náà ga, ó sì ṣónṣó lókè. Ẹ̀wù awọ ló wọ̀, nǹkan wẹ́wẹ́ kan sì ń dán létí apá ẹ̀wù náà lábẹ́ eruku. Ó gbé òkúta sílẹ̀ bí ìyá ṣe ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi jókòó. Eṣinṣin tí ń da Sagat láàmú kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Sagat wo ojú rẹ̀, ó rí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, kò lè ka iye ọdún tó wà níbẹ̀. Nítorí náà ó fi "ẹ" kí i, torí ẹni tó bá bọ̀wọ̀ fúnni kò pàdánù nǹkan kan.

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

"O kú oòrùn."

"Ẹ̀yin lẹ ń ba iṣẹ́ mi jẹ́ láti ọjọ́ Ajé."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ ba tèmi jẹ́." Ohùn rẹ̀ kéré, ó sì gbẹ.

"Kí ni iṣẹ́ tiyín?"

"Mò ń ṣọ́ oba."

Ẹ̀rín pa Sagat. "Kí lẹ ń ṣọ́ ọ sí? Oba lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá lọ ni?"

"Ó lẹ́sẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹṣin ò lè bá a."

Sagat rò pé oòrùn ti pa ọkùnrin yìí lórí, àánú rẹ̀ sì ṣe é.

"Kí lo fẹ́ fi òkúta ṣe?" ni àlejò náà bi í.

Láti ọjọ́ tí Sagat ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀nà, gbogbo èèyàn ló ń bi í pé ìgbà wo ló máa parí, kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Kó tó mọ̀, ó ti sọ ti Orik àti ti ẹrẹ̀, ó ti sọ ti Marjan. Omi lé ròrò sójú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Ìyàwó tèmi náà wà nínú oyún," ni ọkùnrin náà wí. "Òun ló dúró síta. Àwa tó ti kàn la wọlé. Ogójì ni wá. Ẹsẹ̀ ara wa la fi rìn wọlé, ẹnikẹ́ni ò tì wá."

Sagat mi orí. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ogun ló ń sọ. Ta ni ogun ò kàn?

"Gbọ́," ni àlejò náà wí. "Mú ti òkè. Ọwọ́ àwọn èrò ọ̀nà ló kó o jọ, ó sì ti ju ohun tí a nílò lọ. Wọ́n ṣeun. Kò ní padà mọ́, á tó ọ fún ọ̀nà rẹ. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà tí o ṣí níhìn-ín yìí, ọwọ́ ìta nìkan ò lè tì í. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú, ọwọ́ tiwa ò sì ní ẹran mọ́. Mo nílò ẹnì kan."

Inú Sagat dùn sí òkúta tí wọ́n fún un débi pé kò gbọ́ ìyókù dáadáa. Ó sì sọ ohun tí Kasaki gidi máa ń sọ fún àlejò, tí wọ́n kì í rò kí wọ́n tó sọ. "Ohun tó bá wà nílé mi, tiyín ni. Ilé kejì ni tí ẹ bá wọ abúlé. Ẹ ní Sagat ní kí wọ́n fún yín lẹ́nì kan."

"O ti sọ ọ́?"

"Mo ti sọ ọ́."

Ọkùnrin náà gbọn eruku aṣọ rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà abúlé lọ. Sagat gun orí oba. Òkúta òkè ń yọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ó kún kẹ̀kẹ́ kan, ó lọ dà á, ó padà, ó tún kún òmíràn. Ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀. Ìdí kẹ̀kẹ́ kẹta ló wà tó fi rántí pé kò sí ẹlòmíràn nílé ju ìyá arúgbó kan àti aboyún kan lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́ dáadáa wá padà sí etí rẹ̀ látòkè délẹ̀. Ọwọ́ tiwa ò ní ẹran mọ́. Òkúta bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sáré pẹ̀lú ẹsẹ̀ títìrò rẹ̀, ó gbàgbé pé òun ní katakata.

Marjan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Sagat di ọmọ rẹ̀ mú léjìká méjèèjì, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ń mí hẹlẹ.

"Àlejò kan wá, Bàbá."

"Níbo ló wà?"

"Ó ti lọ. Ìyá àgbà bá a lọ." Ojú Marjan kò kúrò lójú ọ̀nà. "Ó dúró síbí, ó wo ikùn mi, ó wá gbójú kúrò. Ó ní ẹ̀yin lẹ ní kóun wá mú ẹnì kan. Mi ò tíì lanu tí Ìyá àgbà ti jáde láti ilé àgùntàn. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun tó máa ń wà nísàlẹ̀ àpótí. Wọ́n ní, 'Èmi lo wá mú. Má wo ọmọ yẹn.' Ojú wọn pọ́n, Bàbá. Ṣe ni wọ́n gbé apá òsì jìnnà sára, bí ẹni tó há ẹyin mọ́ abíyá tí kò fẹ́ kó fọ́."

"Wọ́n ò sọ nǹkan kan?"

"Wọn ò jẹ́ kí n sún mọ́ wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé oba ni, kì í ṣe oba. Mo ní, 'Ìyá àgbà, kí lẹ wí?' Wọ́n tún un wí, 'Sọ fún bàbá rẹ pé oba ni, kì í ṣe oba.' Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ."

Sagat mọ̀. Suur tó kú, ẹran tí oba oníbà máa ń kọ́kọ́ pa. Eérú dé ìgúnpá. Abọ́ kan, ṣíbí kan. Òkúta tí wọ́n jù sí Marjan lẹ́sẹ̀. Aṣọ ọmọ tí ọwọ́ tó gbé suur ti kàn, tí iná nìkan ló lè fọ̀ ọ́. Ó sì rántí bí òun ṣe bi àlejò nípa ẹsẹ̀ oba, tí òun ń rẹ́rìn-ín, òun tó ti ṣe àwàdà yẹn láti ìgbà ọmọdé.

Nígbà tó padà dé oba, ipa ẹsẹ̀ méjì wà nínú eruku, ọ̀kan gbòòrò, ọ̀kan tín-ínrín pẹ̀lú ojú ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n wọlé. Wọn ò jáde. Wọ́n ti dí ẹnu ihò náà, ó ku àlàfo kan tó tó orí ọmọdé. Ohùn yẹn ń ti inú wá. Kọ, kọ, kọ. Sagat wá gbọ́ ọ dáadáa nígbà yìí. Ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n ṣílẹ̀kùn kì í kàn án bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn láti inú ni, tó ń fi òkúta kékeré há àárín òkúta ńlá.

Ó gbé díígà. "Màmá!"

Ohùn náà dákẹ́. "Dúró níbẹ̀, Sagat. Má sún mọ́ àlàfo."

"Ẹ jáde. Màá gbé yín lọ sọ́dọ̀ dókítà."

"Lójú ọ̀nà wo?"

Sagat bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí kò tíì parí.

"Ní àná ni ibà bẹ̀rẹ̀," ni Kulpan wí. Ó ń sinmi láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. "Wọ́n pọ̀ níbí. Wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. O mọ̀ pé kò sí wúrà níbí, ọmọ mi? Gbogbo wọn ló kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ọwọ́ wọn wà lára òkúta. Kò sí ẹni tó sùn nínú wọn."

"Mo bínú sí yín nítorí aṣọ ọmọ."

"Mo mọ̀. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí o jìnnà sí mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Òkúta kan dún kọ. "Ó ku òkúta kan. Ti ìta ni. Gbé e fún mi."

Díígà ṣì wà lọ́wọ́ Sagat. Ó lágbára, ìkọlù mẹ́ta péré ni ì bá fi la ibẹ̀. Ó dúró títí òjìji oba fi gùn kọjá ibi tó wà. Lẹ́yìn náà ó ju díígà sílẹ̀, ó ṣa òkúta kan tó bá àlàfo náà mu, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì gbé e síbẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ títí ó fi jókòó. Ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́.

"Oba dùbúlẹ̀ lé oba," ni ó wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ ń sọ, òkìtì dùbúlẹ̀ lé àrùn.

"Ó ti wọlé," ni ohùn kan fèsì láti inú, ó sì jìnnà gan-an.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà náà. Òkúta òkè tó wọn, kò ṣẹ́ kù, kò sì dín. Lọ́jọ́ kejì tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni Marjan bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, katakata sì gbé e dé ilé ìwòsàn láìrì níbì kankan. Obìnrin ló bí. Nínú oṣù kẹwàá, àwọn dókítà fi aṣọ bo imú wá sí agbègbè náà, nítorí oba ti mú èèyàn lábúlé tó wà lápá òsì Kokbulak àti lábúlé tó wà lápá ọ̀tún. Wọ́n rí òkú suur káàkiri pápá títí dé ibi tí èèyàn lè sọ òkò kan oba. Láti ibẹ̀ wọ Kokbulak, wọn ò rí ẹyọ kan. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wọ́n sì lọ.

Bí ẹ bá gbé etí lé ìhà ìlà-oòrùn oba náà lọ́sàn-án, ẹ máa gbọ́ ọ. Kọ, kọ. Lẹ́yìn náà ó máa ń dákẹ́ díẹ̀, bí arúgbó ṣe ń sinmi lẹ́nu iṣẹ́, kó tó tún bẹ̀rẹ̀.

Sagat ti di bàbá àgbà báyìí. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló pa ìyá rẹ̀, á ní oba ni. Bí wọ́n bá bi í pé níbo ni wọ́n sin ín sí, á ní oba ni. Kò parọ́ nínú méjèèjì. Bí ẹnì kan láàárín wa bá wá fi àmì sí ọ̀rọ̀ náà nísàlẹ̀, tó ní ohun tí Kulpan jẹ́ gan-an nìyẹn, èmi ò ní bá a jà.